Ẹ Júbà Bo Diddley: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mick Jagger àti Keith Richards

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú orí ire. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tó ṣì ń fò sókè lórí ìtàgé níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, a ò lè ṣàìkí i. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ Yorùbá. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ ìbà ni mo gbé wá, bí a sì ṣe ń sọ ọ́ nílé wa ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ máa rí ẹni bá yín túmọ̀ rẹ̀; àwọn ọmọ wa kún Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín rárá, àwọn èèyàn mi tó ń kà á, tí wọ́n mọ orúkọ Rolling Stones, bándì yín, dáadáa, á kúkú mọ ẹni tó wà nídìí ìlù yín.

Ellas McDaniel ni orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Bo Diddley layé mọ̀ ọ́n sí, olórin àti onígìtá ará Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2008 ló dágbére fáyé nílé rẹ̀ ní Archer, ní ìpínlẹ̀ Florida, lẹ́ni ọdún 79. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, Sà Mick, ẹ sọ pé olórin tí kò fara wé ẹnikẹ́ni ni, pé ó lawọ́ sí yín nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí, pé ẹ sì kọ́ nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. (Bàbá Keith, a gbọ́ pé oyè Sà yẹn kò dùn mọ́ yín nínú nígbà tí ọ̀rẹ́ yín lọ gbà á ní 2003. Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń pè é ni mo ṣe pè é.) Ẹjọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ rere yẹn kò yẹ kó dúró sí ìdí òkú. Lórí ìtàgé gan-an, níbi tí ìlù rẹ̀ ti ń dún lẹ́yìn yín, ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ ìlù náà. Àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ fi hàn. Fi ìka lu tábìlì: kọ́n, kọ́n, kọ́n, kí o dákẹ́ díẹ̀, kọ́n-kọ́n. Mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì. Máa tún un lù, má sáré. Bí o bá ti dúró nítòsí alágogo bándì jùjú tàbí ti highlife rí, o ò nílò àlàyé mi mọ́. Wọ́n ń lù ú ní Gánà, wọ́n ń lù ú ní Kóńgò. Ní Kúbà, igi kéékèèké méjì ni wọ́n fi ń lù ú, clave ni wọ́n ń pè é, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa àti láti ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló sì gbé e débẹ̀. Kò sí ìdílé tó lè jókòó kó ní òun nìkan lòun ni ín.

Ní Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ rí tó. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú dìtẹ̀ ní Stono, ní South Carolina, ní 1739, àwọn aṣòfin ibẹ̀ fòfin de ìlù lọ́dún kejì, torí wọ́n ti rí i pé ìlù a máa pe èèyàn jọ. Wọ́n gba ìlù, ṣùgbọ́n ta ló lè gba itan, àyà àti àtẹ́lẹwọ́ lọ́wọ́ èèyàn? Ara ni wọ́n sọ di ìlù. Wọ́n ń gbá itan, wọ́n ń gbá àyà, ẹsẹ̀ ń kilẹ̀, orin ń lọ. Èyí ni wọ́n wá ń pè ní hambone, táwọn ọmọdé ń fi ṣeré ní ìgboro. Red Saunders, onílù kan ní Chicago, ti gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1952, ọdún mẹ́ta gbáko kí Bo Diddley tó gbé tirẹ̀ jáde.

Mo sọ gbogbo èyí nísinsìnyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi dá mi lẹ́nu dúró lẹ́yìn ọ̀la. N kò wá sọ pé Bo Diddley ló dá ìlù yẹn sílẹ̀. Ìlù ti wà kí wọ́n tó bí i. Ohun tó fi ìlù náà ṣe ni kò sí níbì kankan kó tó dé.

Òpin ọdún 1928 ni wọ́n bí i ní ẹ̀bá McComb, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ọmọdé ni ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bí i. Ìbátan ìyá náà, Gussie McDaniel, ló gbà á tọ́, ló sì gbé e lọ sí Chicago bí ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ṣe ń kó kúrò ní gúúsù nígbà náà lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi Ebenezer ló ti kọ́ fáyólíìnì, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi kọ́ ọ. Arábìnrin rẹ̀ ló fún un ní gìtá. Nígbà tó gbọ́ John Lee Hooker, olórin blues, ọkàn rẹ̀ kúrò lára fáyólíìnì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé bí òun ṣe ń fa igi lórí okùn fáyólíìnì ni òun ń wá ọ̀nà láti fi pẹ́ẹ̀kì ṣe lórí gìtá. Ẹni tó bá ti rí onígòjé rí, tó rí bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láìsinmi, á mọ ohun tí bàbá náà ń sọ.

Ó ṣe káfíńtà, ó ṣe mẹkáníìkì, ó ja ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, òun àti Jerome Green wà nígboro, wọ́n ń kọrin ní Maxwell Street lọ́jọ́ ọjà, àwọn èèyàn ń sọ owó. Ìlù òyìnbó kò ṣeé rù kiri títì, ni Jerome bá gbé ṣẹ́rẹ́ méjì dání, irú èyí táwọn oníṢàngó máa ń mì, ó ń gbọ̀n wọ́n wìrìwìrì. Ìṣòro ẹrù rírù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ ilé-ìgborinsílẹ̀ láti gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Chess ní oṣù Kẹta ọdún 1955, tí àyè ìlù sì ti wà, wọn ò gbé ṣẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí orin tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀, èyí tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè. Àwọn olórin blues ní Chicago ní kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n ń yí ká, ẹni tó bá ti gbọ́ méjì mọ ibi tí ẹ̀kẹta ń lọ. Bo Diddley jókòó sójú kan. Bóyá kọ́ọ̀dù kan àti àbọ̀ ló wà nínú orin náà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó so mọ́ gìtá, tó ń mú ohùn rẹ̀ wárìrì, tó ń gbé e sókè tó ń sọ ọ́ sílẹ̀, débi pé gìtá náà fúnra rẹ̀ ń mí. Clifton James tó ń lu ìlù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan páànù. Ojú awọ ló wà, níbi tó ti jinlẹ̀. Ṣẹ́rẹ́ Jerome kún gbogbo àlàfo. Yọ ohùn ẹni tó ń kọrin kúrò, ohun tó kù ni onílù mẹ́ta tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gbé gìtá.

Èmi tí mo ń ta gìtá jùjú lóde àríyá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti gbá mi mú. Àwọn tó ń kọ́ni ní gìtá sọ fún wa pé orin ni gìtá ń kọ, ìlù ní onílù tirẹ̀. Bàbá yìí ní rárá, ìlù ni gìtá. Ó ní kí n fi iná mànàmáná sí i kó tún le sí i. Ní àríyá ìgbéyàwó kan, nígbà tí àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mo dán ìlù náà wò lórí gìtá mi, jẹ́jẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó yí i ṣe lẹ́ẹ̀kejì, alágogo ti bọ́ sí i. Onígángan wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, òun náà wọlé. Ìyá kan tó ń gba áńkárá rẹ̀ ró bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìjókòó. Kò sẹ́ni tó béèrè pé láti Mississippi ni tàbí láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn àríyá, mo sọ fún wọn pé Bo Diddley ni mo ta. Onígángan ní, “Ta nìyẹn?” Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Orin ọdún 1955 náà dé òkè àtẹ R&B ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n pè é sí ètò Ed Sullivan, èyí tí gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣàn ń wò ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní kó kọ “Sixteen Tons”, orin ẹlòmíràn tó ń jà ràn-ìn nígbà náà. Nígbà tí kámẹ́rà dé orí rẹ̀, orin tirẹ̀ ló kọ. Inú bí Sullivan, kò sì pè é mọ́ láéláé. Bo Diddley ṣàlàyé pé òun rí orúkọ orin méjèèjì lára ìwé tí wọ́n gbé sókè, òun rò pé méjèèjì ni wọ́n fẹ́ ni. Èmi ò gbà á gbọ́ o. Ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ orin, ṣé yóò dé iwájú gbogbo Amẹ́ríkà kó wá kọ orin onílé?

Ó wá kan yín.

Òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, ẹ bá a rìn káàkiri ìlú Ọba, ẹ̀yin, òun, àti Everly Brothers. Little Richard sì bá yín lọ́nà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìrìn-àjò ńlá àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Sà Mick jẹ́ ọmọ ogún ọdún, Bàbá Keith kò tíì pé ogún. (Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún I.K. Dairo tiwa ní oyè MBE. Ọdún náà dára fún àwọn onígìtá.) Ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ Bo Diddley nígbà náà, ní oṣù Kẹta ni ẹ ti gba “Road Runner” àti “Diddley Daddy” sílẹ̀, tí ẹ ń wá ilé-iṣẹ́ tó máa gbà yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbọ́ pé ẹni tó ni orin máa wà lórí ìtàgé kan náà, ẹ yọ gbogbo orin rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ ń kọ lálaalẹ́. Kò sí òfin tó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yín nìyí, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹ̀yin ọmọ Dartford mọ̀ pé a kì í jó ijó onílé lójú onílé láìgba àṣẹ.

Brian Jones, Bill Wyman àti Charlie Watts inú bándì yín tún bá a ṣeré lórí rédíò BBC. Bàbá Keith, ẹ sọ ọ́ fúnra yín pé ẹ̀yin ni ẹ máa ń lọ wá Jerome Green nílé ọtí nígbà tí àkókò ìtàgé bá tó. Sà Mick, ẹni tó bá sì rí bí Jerome ṣe ń gbọ̀n ṣẹ́rẹ́, tó wá rí bí ẹ ṣe ń gbọ̀n tiyín láti 1964 títí dòní, kò ní béèrè ibi tí ẹ ti kọ́ ọ.

Obìnrin kan wà lórí ìtàgé náà pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Norma-Jean Wofford ni, The Duchess ni Bo Diddley sọ ọ́. Kó tó dé, Peggy Jones ti wà níbẹ̀ láti 1957, tí wọ́n ń pè ní Lady Bo. Ẹ ronú nípa ọdún yẹn. Ní Amẹ́ríkà ọdún 1957, kò sí olórin ńlá mélòó kan tó ń gba obìnrin sí bándì pé kó wá ta gìtá iná, kì í ṣe pé kó wá gberin. Àwọn tó ń yin Bo Diddley máa ń sọ̀rọ̀ gìtá onígun mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Gretsch bá a ṣe ní 1958, wọ́n á sọ̀rọ̀ fìlà rẹ̀ dúdú, wọ́n á gbàgbé àwọn obìnrin yìí. Gìtá onígun mẹ́rin dára lójú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Peggy Jones ló ń ta apá kejì àwọn gìtá tí àwọn èèyàn rò pé ọwọ́ Bo Diddley nìkan ni.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, ní oṣù Kejì ọdún 1964, ẹ gbé “Not Fade Away” jáde. Buddy Holly, olórin rock and roll ará Texas, ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ní 1957, àpótí páálí ni onílù rẹ̀ sì lù nínú tirẹ̀. Ìlù Bo Diddley ni Holly fi kọ ọ́. Nígbà tó wá dé ọwọ́ yín, ẹ gbé e kúrò ní Texas, ẹ gbé e padà sí Maxwell Street: gìtá le, ṣẹ́rẹ́ pọ̀, gbogbo rẹ̀ gbóná. Tiyín jọ Bo Diddley ju ti Holly lọ. Ipò kẹta ló dé ní ìlú Ọba, orin yín àkọ́kọ́ tó wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́, òun náà sì ni rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ kọ́kọ́ fi wọ Amẹ́ríkà. Orúkọ àwọn tó ni ín wà lára àwo: Holly àti Norman Petty tó ń bá a gba orin sílẹ̀. McDaniel kò sí níbẹ̀.

N kò sọ pé ẹ jalè. Bí òfin ṣe wà ni ẹ ṣe é. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ mọ ọ̀rọ̀ orin, ó mọ ohùn orin. Ìlù ní tirẹ̀, ìgbẹ́ tí kò lólówó ni lójú wọn, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń pa ẹran ibẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló wọ̀ ọ́. Johnny Otis wọ̀ ọ́ ní 1958 pẹ̀lú “Willie and the Hand Jive”. Elvis wọ̀ ọ́ ní 1961. The Strangeloves fi ṣe “I Want Candy”, The Who fi ṣe “Magic Bus”, George Michael fi ṣe “Faith” ní 1987, nígbà tó sì di ọdún kejì U2 gbé “Desire” dé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó “Faith” nígbà yẹn, mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ọkùnrin kan wà láyé nígbà náà, tó wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú gìtá rẹ̀, tó ń bá bándì tí kò mọ̀ rí ṣeré ní ìlú kan lónìí, ní òmíràn lọ́la?

Nítorí bó ṣe jẹun nìyẹn. Títí ó fi kú ló ń ráhùn pé owó táṣẹ́rẹ́ ni òun rí nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù òun. Ó máa ń sọ pé òun ló ṣílẹ̀kùn, pé gbogbo èèyàn sá wọlé kọjá lára òun, wọ́n sì fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òun. Kò fi ìbínú gbé ayé rẹ̀ náà ṣá. Ní ọdún 1970 sí òkè, ó kó lọ sí Los Lunas, ní New Mexico, ó wọ ẹ̀wù ọlọ́pàá ìlú níbẹ̀, ó tiẹ̀ fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlú. Ní 1979 ó bá bándì The Clash rìn ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tó lè bí. Ilé-ìrántí Rock and Roll gbà á wọlé ní 1987. Grammy fún un ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ayé rẹ̀ ní 1998. Oyè pọ̀. Oyè ò ṣeé san owó dókítà. Ọmọ ọdún 78 ni, ó ṣì wà lójú ọ̀nà, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lẹ́yìn eré kan ní Council Bluffs, ní Iowa, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007.

Àwọn kan máa sọ pé ọ̀nà àbáyọ ni kí òfin wá fún ìlù náà ní olówó. Ní 2021, Clevie àti àwọn tó ń bójú tó ogún Steely, àwọn ará Jàmáíkà tó ṣe ìlù kan ní 1989, pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórin reggaeton lẹ́jọ́ ní Los Angeles, wọ́n ní ìlù àwọn ni gbogbo wọn ń lò. Mo ń wo ẹjọ́ yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo bá àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tọ́ wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ilẹ̀ lé ìlù lórí, ta ló máa dá wa sí? Ilé-iṣẹ́ tó lówó ló máa kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, wọ́n á forúkọ agogo wa sílẹ̀, wọ́n á wá máa gba owó lọ́wọ́ ọmọ Àyàn. Bo Diddley fúnra rẹ̀ ì bá ti jẹ gbèsè kó tó jí lọ́jọ́ kejì, torí àwọn ọmọ tó ń gbá itan ní ìgboro Chicago ló jẹ.

Nítorí náà, n kò bá yín sọ̀rọ̀ òfin. Nílé wa, ohun mìíràn wà ṣáájú òfin. Kí oníjàálá tó la ẹnu, ó júbà. Kí onílù tó nawọ́ sí ìlù, ó júbà Àyàn. Bí mo bá ta gìtá bí I.K. Dairo ṣe ń ta á, mo máa dárúkọ I.K. Dairo kí n tó ta á, àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó á sì mi orí. Ìbà kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìbà kò sọ pé o ò mọ nǹkan ṣe. Ó kàn ń sọ fún àwọn tó ń gbọ́ pé ọ̀nà kan wà tí èyí gbà dé ibí. A kì í pe orí ajá ká má pe orí ìkòkò tí a fi sè é.

Ẹ̀yin sì ni mo yàn láti bá sọ ọ́, nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, nítorí ẹ ti fi hàn pé ẹ mọ ohun tó ju òfin lọ. Ní 1997, ẹgbẹ́ The Verve gé díẹ̀ nínú ohùn tí ẹgbẹ́ fáyólíìnì Andrew Oldham, alákòóso yín nígbà kan, fi ṣe “The Last Time” yín, wọ́n fi ṣe “Bitter Sweet Symphony”. Ìjà owó dé, òfin sì gbé gbogbo rẹ̀ fún yín; orúkọ yín ló wà lára orin tí Richard Ashcroft, akọrin The Verve, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ọdún tó lé ní ogún ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ní 2019, ẹ dá a padà fún un. Ẹ fọwọ́ sí i pé òun ló ni ín, owó rẹ̀ di tirẹ̀. Kò sí adájọ́ tó fipá mú yín. (Ká má gbàgbé pé “The Last Time” náà ní ìyá: àwọn Staple Singers ti kọ “This May Be the Last Time” ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó kọ tiyín. Bàbá Keith ò sì sẹ́ ẹ rí.) Ẹni tó lè dá gbogbo orin padà, ṣé orúkọ ẹnìkan ló máa wúwo lẹ́nu rẹ̀?

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Nígbàkígbà tí “Not Fade Away” bá bọ́ sí yín lọ́kàn lórí ìtàgé, kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé, “Ti Bo Diddley nìyí.” Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má ka ìtàn. Àwọn ọmọ tó wà níwájú, tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn, á wá orúkọ náà fúnra wọn kí wọ́n tó délé.

Èkejì ló gba iṣẹ́ díẹ̀. Ní òpin ọdún 2015, ẹ wọ ilé-ìgborinsílẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ fi gba orin blues Chicago méjìlá sílẹ̀. Blue & Lonesome ló jáde ní 2016, ó sì gba Grammy. Mo rà á, mo gbọ́ ọ títí. Little Walter wà níbẹ̀, Howlin' Wolf wà níbẹ̀. Orin Bo Diddley kankan kò sí níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo tún un yẹ̀ wò. Boyá nítorí àwọn tó ń tò orin kì í kà á sí blues ni; nígbà kan wọ́n ní rock and roll ni, nígbà mìíràn wọ́n ní R&B ni, ó wá bọ́ sí àárín. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀. Ẹ kúkú mọ àwọn orin náà sórí: “Mona” ti wà nínú àwo yín àkọ́kọ́ ní 1964, ẹ kọ “Crackin' Up” ní ilé ìgbafẹ́ El Mocambo ní Toronto, Ron Wood, onígìtá yín, bá bàbá náà rìn fún ìgbà pípẹ́ ní 1987 àti 1988, gbogbo yín sì jọ ta “Who Do You Love” pẹ̀lú rẹ̀ ní Miami ní 1994. Ẹ fi “Bring It to Jerome” sí i nítorí Jerome. Ẹ fi “Pretty Thing” sí i, ẹ sì ránṣẹ́ pe Dick Taylor tó wà pẹ̀lú yín ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, torí inú orin yẹn ló ti mú orúkọ fún bándì tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó fi yín sílẹ̀.

Ẹ pe obìnrin onígìtá kan sí i, ẹ fún un ní apá tí Peggy Jones ń ta, ẹ má fi í sẹ́yìn níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má yí kọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu onígìtá láti yí kọ́ọ̀dù bó bá ti pẹ́ díẹ̀ lójú kan. Ó ń ṣe èmi náà. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ní ti ṣẹ́rẹ́, Sà Mick, ẹ̀yin ni kí ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe é.

Ẹ bá mi kí Ron Wood.

Èmi ni,
Onígìtá jùjú kan, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù